Owó Ìrànwọ́ Ìjọba fún Ilé Ọ̀gbìn: Ohun tí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Síwèé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Àjàó Estate, Máfolúkù, Ìsọlọ̀, Òkòtà àti Èjìgbò, ẹ̀yin ni a kọ ìwé kékeré yìí sí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ mọ́ owó ìrànwọ́ tí ìjọba máa ń fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá fẹ́ gbin tòmátò, ata, kùkúńbà àti ẹ̀fọ́ sínú ilé ọ̀gbìn, èyíinì ni ilé tí a fi irin tàbí igi ṣe egungun rẹ̀, tí a fi ọ̀rá bo òrùlé rẹ̀, tí a sì fi àwọ̀n ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Gírínháòsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é.

Nígbàkúùgbà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá jáde, ìbéèrè méjì ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi wá. Wọn a ní, “Èló ni ìjọba yóò san?” Wọn a sì ní, “Nígbà wo ni owó náà yóò dé?” Ìbéèrè méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Ẹ̀kẹta wà tí ó ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ: nígbà tí ìjọba bá ti san tirẹ̀ tán, ǹjẹ́ ilé náà lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì san gbèsè tí ó kù? Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kí ó tó fọwọ́ síwèé lè wá rí i lọ́la pé ìrànwọ́ tí òun fi ijó gbà ti di ẹrù sí òun lọ́rùn.

ÌDÍ TÍ ILÉ Ọ̀GBÌN FI YẸ ÀDÚGBÒ WA

Nígbà kan rí, oko ni ó yí wa ká. Ní Àgége tí kò jìnnà sí wa, J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó, wọ́n sì kó ara wọn jọ ní ọdún 1907 sínú ẹgbẹ́ tí a pè ní Agege Planters’ Union. Lónìí, ilé ti gba ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí èrò pọ̀ sí jù. Ní Àjàó Estate, pápá ọkọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed wà ní apá kan, kánàlì sì wà ní apá kejì. Ohun tí ó kù fún ọ̀gbìn kò ju ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò tíì kọ́lé sí, ẹ̀yìnkùlé, àti àwọn àlàfo díẹ̀ káàkiri.

Nítorí èyí, láti òkè ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátò tí à ń jẹ ti ń wá. Ìrìn náà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà láti Kánò dé ọjà Mile 12. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, tí wọn a tò ó léra nínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí ó tó dé, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti fọ́, ti ẹ̀gbẹ́ ti rà. Láti oṣù Èbìbí títí dé oṣù Ògún, nígbà tí tòmátò ẹ̀rùn òkè ọya bá ti tán, tí òjò sì ń ba ti ìta jẹ́ níhìn-ín, owó rẹ̀ a fò sókè. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí a ń pè ní Tuta absoluta, ọmọ àfòpiná kékeré kan tí orírun rẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, jẹ oko tòmátò run ní Kàdúná àti àyíká rẹ̀, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ìpàjáwìrì ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Gbogbo ìyàwó ilé ní Èkó ni ó mọ̀ ọ́n nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ọjà Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì ní àǹfààní tí àgbẹ̀ Kánò kò ní. Bí ẹ bá ká tòmátò yín ní àárọ̀, ó lè dé ọwọ́ ẹni tí yóò sè é ní ọ̀sán. Bí ó bá jáde ní oṣù Okúdù tàbí Agẹmọ, ẹ̀yin ni ọjà yóò máa wá. Ìdí nìyí tí ilé ọ̀gbìn fi yẹ ní ohun tí à ń rò, tí owó ìrànwọ́ ìjọba sì fi yẹ ní ohun tí à ń wá.

OHUN TÍ ILÉ Ọ̀GBÌN LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ní ilẹ̀ olótùútù, nítorí kí ooru má bàa jáde ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ọ̀gbìn. Níhìn-ín, ooru kò wọ́n wa. Òjò àti kòkòrò ni à ń fi ilé náà lé. Bí ooru ọ̀sán bá kọjá nǹkan bí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí òru náà kò sì tutù, ìtànná tòmátò a máa gbọ̀n dànù láì so. Nítorí náà, ilé tí ó bá máa wúlò ní Èkó gbọ́dọ̀ ga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n tí atẹ́gùn lè gbà kọjá, kí ojú kan sì wà ní òkè rẹ̀ tí ooru yóò gbà jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní ilé kúkúrú tí ọ̀rá bò láti òkè délẹ̀, ẹ má ṣe gbà á, bí ìjọba tilẹ̀ san gbogbo owó rẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé àwọ̀n kò lè dí àrùn tí ó wà nínú ilẹ̀ lọ́wọ́. Àrùn kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń mú kí tòmátò rọ lójijì. Ewé rẹ̀ yóò tutù yọ̀yọ̀ ní àná, ní òní yóò rọ bí ẹni pé omi kò kàn án, ní ọjọ́ kejì yóò kú. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí gbòǹgbò, kí ẹ ti ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tí ó mọ́. Bí ohun funfun bí òwú bá ń sàn jáde láti ara igi náà sínú omi, àrùn náà ni. Kò sí oògùn tí a lè fọ́n tí yóò wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ilé ọ̀gbìn ni ó lè ti ipa bẹ́ẹ̀ di ahoro láàárín ọdún méjì, nítorí orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbin tòmátò sí léraléra.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà yẹra fún un. Èkíní ni pé kí ẹ gbìn ín sínú àpò tí ó kún fún èèpo àgbọn tí a lọ̀ kúnná, tàbí ilẹ̀ tí a ti fi iná sè, kí ẹ sì tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kí gbòǹgbò má bàa kan ilẹ̀. Èkejì ni pé, nígbà ẹ̀rùn, kí ẹ bu omi rin ilẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí oòrùn fi ooru pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí a máa dín àrùn kù, ṣùgbọ́n kì í mú un kúrò pátápátá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn onímọ̀ World Vegetable Center ní Taiwan ti fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru: wọ́n a gé orí ọmọ tòmátò, wọ́n a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ìgbá tí àrùn náà kì í tètè mú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀gbìn Ẹ̀fọ́ àti Èso, NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, kí wọ́n fi bí a ti ń ṣe é hàn yín.

ORÍṢI ÌRÀNWỌ́ MẸ́TA

Kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo ìrànwọ́. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni èyí tí ìjọba ń pín owó ilé náà san pẹ̀lú àgbẹ̀. Íńdíà ti lọ jìnnà nínú èyí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ètò ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso, National Horticulture Mission, sílẹ̀ ní ọdún 2005. Ìdajì owó ilé ọ̀gbìn ni ìjọba ibẹ̀ ń san, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí bí ilé ẹnì kan yóò ti tóbi tó. Nínú èyí tí ó bá báǹkì lọ, wọn kì í fi owó náà lé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Báǹkì ni wọ́n ń fi í pa mọ́ sí lọ́tọ̀ títí àwọn olùbẹ̀wò yóò fi rí i pé ilé náà ti dúró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí owó náà bá ti dé ọwọ́ báǹkì, báǹkì kì í gba èlé lórí apá ẹ̀yáwó tí owó náà dúró fún. Èyí ni ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Èkejì ni ẹ̀dínwó lórí ohun èlò. Ní ọdún 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìsọfúnni orí fóònù ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ tí ó ti forúkọ sílẹ̀, kí ó lè ra àpò ajílẹ̀ méjì ní ìdajì owó lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kò rí nǹkan kan gbà, bí oko rẹ̀ ti wù kí ó tóbi tó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ kí ètò tó dé. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ lórí rédíò.

Ẹ̀kẹta ni onídùúró lórí ẹ̀yáwó. Òfin ọdún 1977 ni ó dá owó ìdúró fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1978. Bí àgbẹ̀ kò bá lè san gbèsè, owó ìdúró yìí ni yóò san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó bá kù fún báǹkì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta ohun tí àgbẹ̀ fi dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé nítorí àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe san án. Rárá o. Báǹkì ni ó gba owó ìdúró. Gbèsè ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó jẹ ẹ́. Báǹkì Àpapọ̀ tún fi ètò kan kún un lẹ́yìn náà, lábẹ́ èyí tí ẹni tí ó bá san gbèsè rẹ̀ lásìkò yóò gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èlé tí ó san padà. Kí ẹ tó yáwó, ẹ bi báǹkì yín léèrè bí ẹ̀yáwó yín bá wà lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

Iye owó tí a ó lò níhìn-ín jẹ́ àpẹẹrẹ nìkan. Kí ẹ fi iye tòótọ́ tí ẹ bá rí lọ́jà dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan tí ó jẹ́ mítà 8 ní ìbú àti mítà 24 ní gígùn. Ilé bẹ́ẹ̀ lè gba igi tòmátò 480. Ká ní ilé náà, páìpù tí ń kán omi, àti táńkì omi rẹ̀ jẹ́ ₦4,000,000. Ìjọba san ìdajì. Nínú ₦2,000,000 tí ó kù, ẹgbẹ́ mú ₦800,000 jáde láti inú àjẹṣẹ́kù, wọ́n sì yá ₦1,200,000 ní báǹkì fún ọdún 3, pẹ̀lú èlé 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìnáwó ọdún kìíní nìyí:

Irúgbìn, ajílẹ̀, àpò, omi àti owó òṣìṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: ₦900,000.
Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rá àti àwọ̀n tuntun: ₦150,000.
Gbèsè báǹkì àti èlé rẹ̀: ₦640,000.
Àpapọ̀: ₦1,690,000.

Bí igi kọ̀ọ̀kan bá so kílò 4, tí a sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí tí yóò bàjẹ́, ìkórè kan yóò jẹ́ kílò 1,536. Ní ìgbà tí tòmátò pọ̀, ká ní kílò kan jẹ́ ₦500. Ìkórè náà yóò pa ₦768,000. Ní ìgbà ọ̀wọ́n, ká ní kílò kan jẹ́ ₦1,200. Yóò pa ₦1,843,200.

Wàyí o, bí ẹ bá kórè ẹ̀ẹ̀kan nígbà ọ̀pọ̀ àti ẹ̀ẹ̀kan nígbà ọ̀wọ́n, ẹ ó pa ₦2,611,200. Lẹ́yìn ìnáwó, ₦921,200 ni yóò kù fún ẹgbẹ́. Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí ìkórè méjèèjì bá bọ́ sí ìgbà ọ̀pọ̀, ₦1,536,000 ni ẹ ó pa, ẹ ó sì jẹ gbèsè ₦154,000. Bí ẹ bá sì mú ti ìgbà ọ̀wọ́n náà, ṣùgbọ́n tí àrùn rírọ pa ìdajì rẹ̀, ₦1,689,600 ni gbogbo owó tí yóò wọlé: iṣẹ́ ọdún kan gbáko, ₦400 ni yóò sì fi dín sí ìnáwó.

Ẹ wò ó ní apá kejì. Bí ìjọba kò bá san kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ yóò yá ₦3,200,000. Ìnáwó ọdún kìíní yóò di nǹkan bí ₦2,757,000. Ọdún tí ó dára jù pàápàá kò lè kájú rẹ̀. Nítorí náà, òtítọ́ ni pé láìsí ìrànwọ́, ilé ọ̀gbìn kò rọrùn fún àgbẹ̀ kékeré. Òtítọ́ sì tún ni pé ìrànwọ́ kò lè gba ẹni tí kò mọ ìgbà, tí kò sì tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun mìíràn wà nínú ìṣirò yìí. Ká ní ìjọba ṣèlérí ìdajì, ṣùgbọ́n owó náà pẹ́ oṣù 6 kí ó tó dé, tí ẹgbẹ́ sì lọ yá ₦2,000,000 náà fúngbà díẹ̀. Èlé rẹ̀ ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún yóò jẹ́ ₦200,000. Ta ni yóò san án? Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fi ètò àwọn ará Íńdíà sọ́kàn. Kí ẹ béèrè pé kí owó ìjọba ti wà ní báǹkì kí ẹ tó ra irin kan, kí èlé má sì gun apá tirẹ̀.

Ọ̀RÁ KÌ Í PẸ́ BÍ IRIN

Irin ilé ọ̀gbìn lè lo ọdún pípẹ́. Ọ̀rá rẹ̀ kì í sábà ju ọdún 3 sí 5 lọ kí oòrùn tó jẹ ẹ́. Ìjì tí ń ṣáájú òjò ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe sì lè fà á ya ní ọjọ́ kan. Ìjọba a máa san owó ilé lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ ni yóò máa ra ọ̀rá títí lọ. Láti òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá àti irúgbìn olówó iyebíye ti ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní báǹkì. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹgbẹ́ tí kò bá ń fi owó ọ̀rá pamọ́ láti ìkórè àkọ́kọ́ yóò ní egungun irin lásán lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, níbi tí wọn yóò ti máa sá aṣọ.

Àwọn bàbá wa ti rí irú èyí. Ní ọdún 1959 sí 1960, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ àwọn abúlé àgbẹ̀ ní Ilora, Akufọ̀, Ìkẹ́nnẹ́ àti ibòmíràn, nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n sì fi moshav ti Ísírẹ́lì ṣe àwòkọ́ṣe. Ìjọba pa ilẹ̀, ó kọ́ ilé, ó fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ ní owó oṣooṣù. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n owó ńlá ni ó ná wọn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì fi abúlé sílẹ̀ kí irúgbìn wọn tó so dáadáa. Ohun tí a kò bá fi owó ara ẹni kún, ọwọ́ a máa tètè yọ kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà ni a fi gbà pé ó sàn kí ẹgbẹ́ san apá kan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ju kí ìjọba san gbogbo rẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ẹ Ó YẸ̀ WÒ KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ SÍWÈÉ

1. Ilẹ̀. Ilé mítà 8 sí 24 rọrùn lórí pọ́lọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà. Kò lè wọ ìdajì pọ́lọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ 60 sí 60, nítorí mítà 24 fẹ́rẹ̀ tó 79 ẹsẹ̀ bàtà. Kí ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà gùn ju ìgbà gbèsè yín lọ. Ẹ má ṣe kọ́ ọ sí etí kánàlì tàbí ẹ̀bá pápá ọkọ̀ òfuurufú láìgba àṣẹ. Ìjọba tí ó fún yín ní ilé lè rán ẹlòmíràn wá láti wó o.

2. Omi. Omi kánàlì kò dára fún ohun tí a ń jẹ ní tútù. Ẹ̀gbin ilé àti ọ̀nà ni ó ń sàn sínú rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yẹ omi náà wò, nítorí omi tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ a máa dí ojú páìpù.

3. Ìgbà. Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti oṣù tí ẹ fẹ́ tà. Ọmọ tòmátò yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 nínú abọ́, yóò sì lo oṣù 2 ààbọ̀ sí 3 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà ní oṣù Okúdù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oṣù Èrèlé parí kí ó tó fúnrúgbìn.

4. Ẹni tí yóò máa ṣe é. Ilé ọ̀gbìn kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì máa gba owó. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn a máa gbẹ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

5. Ìwé owó. Kí akápò máa ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣooṣù, kí owó ọ̀rá sì wà lọ́tọ̀ ní báǹkì.

6. Ọ̀rọ̀ ìlérí. Ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ ètò bá fi ẹnu sọ, ẹ ní kí ó kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lọ́wọ́ yín kí ó tó fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ yín bá yẹ ohun mẹ́fà wọ̀nyí wò, tí ìṣirò yín sì fi hàn pé ilé náà yóò jẹ yín ní gbèsè, ẹ má ṣe tìjú láti sọ pé ẹ kò gbà. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ àti ewúro ṣì ń ta dáadáa ní ọjà Ìsọlọ̀, wọn kò sì fẹ́ ju ebè tí ó dára, ajílẹ̀ adìẹ tí ó ti jẹrà, àti àwọ̀n díẹ̀ lórí. Ẹgbẹ́ lè fi ọdún kan ṣe èyí, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kún àjẹṣẹ́kù, kí wọ́n sì mú ẹni méjì lọ kọ́ iṣẹ́ ilé ọ̀gbìn kí ètò mìíràn tó dé.

Bí ìṣirò bá sì fi hàn pé yóò lérè, ẹ tètè jáde. Ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ìwé ilẹ̀, àti ìṣirò yín lọ́wọ́, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn Ìpínlẹ̀ Èkó ní Oko-Ọba, Àgége. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ bá yín wo ilẹ̀ náà kí ẹ tó san owó kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín fún un.